Ìwé Tí Kò Ní Tákàdá, àti Ohun Tí Ó Gbé Wá Bá Òǹkọ̀wé àti Òǹtẹ̀wéjáde

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá nínú ìjọ, ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ràn ìwé kíkà, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì. Ọ̀rọ̀ ìwé ni, ẹni tí ó bá sì mọ ìtàn ilẹ̀ Òkè-Ògùn yìí yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìwé kàn wá. Ní Òṣoògùn, tí kò jìnnà sí Ìṣẹ́yìn, ni a ti kó ọmọdékùnrin kan tí à ń pè ní Àjàyí lẹ́rú ní ọdún 1821. Ọmọ náà ni ó di Samuel Ajayi Crowther, ẹni tí ó tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843, tí a fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864, tí ó sì jẹ́ aṣáájú nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì tí a tẹ̀ lódindi ní èdè wa ní ọdún 1884. Bí ìwé Yorùbá bá ní ilé bàbá, ọ̀nà ilé náà kò lè ṣàìgba ilẹ̀ wa kọjá.

Nítorí náà kò yẹ kí a dákẹ́ nígbà tí ìwé fúnra rẹ̀ ń pa àwọ̀ dà. Irú ìwé kan ti dé tí kò ní tákàdá, tí kò ní èèpo ẹ̀yìn, tí ikán kò lè jẹ, tí a sì ń kà lójú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. Ìwé orí ẹ̀rọ ni a óò máa pè é. Àwọn kan ń sọ pé ó ti tú òǹkọ̀wé sílẹ̀ lóko ẹrú. Àwọn mìíràn ń sọ pé ó fẹ́ ba iṣẹ́ ìwé títẹ̀ jẹ́ pátápátá. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́sẹẹsẹ, nítorí agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

1. Bí ìwé ti ń rìn tẹ́lẹ̀

Ìwé tákàdá kì í ti ọwọ́ òǹkọ̀wé bọ́ sí ọwọ́ òǹkàwé ní ìrìn ẹ̀ẹ̀kan. Òǹkọ̀wé a kọ ọ́. Òǹtẹ̀wéjáde a kà á, a tún un ṣe, a sì náwó lé e lórí. Atẹ̀wé a to lẹ́tà rẹ̀, a ra tákàdá àti tàdáwà, a sì dì í. Ọkọ̀ a kó o láti ìlú dé ìlú. Òǹtàwé a sì tò ó sórí àtẹ. Olúkúlùkù wọn ni ó ń mú ìpín tirẹ̀ nínú owó tí òǹkàwé san. Ó sì wọ́pọ̀ pé ohun tí ó kan òǹkọ̀wé kì í ju nǹkan bí náírà 10 nínú náírà 100 lọ.

Kì í ṣe pé olè ni àwọn yòókù. Ìnáwó ìwé títẹ̀ pọ̀ jù ní ìbẹ̀rẹ̀. Iye kan náà ni a ó san fún títò lẹ́tà, fún àtúnṣe, àti fún ìmúra ẹ̀rọ, ìbáà jẹ́ ìwé 100 ni a fẹ́ tẹ̀ tàbí 5,000. Bí a bá tẹ 5,000, ìnáwó náà a pín sí ọ̀nà 5,000, ìwé kọ̀ọ̀kan a sì dínwó. Bí a bá tẹ 100, ìwé a gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní í rí olùrà. Nítorí náà òǹtẹ̀wéjáde ní láti tẹ púpọ̀ kí ó tó mọ̀ bóyá ènìyàn yóò rà á. Èyí tí a kò bá sì rà, inú yàrá ìpamọ́ ni yóò wà títí eku àti ikán yóò fi di olówó rẹ̀.

Ẹ tún wo ti tákàdá. A ti kọ́ iléeṣẹ́ tákàdá sí Jebba, sí Ìwópin, àti sí Oku-Iboku, ṣùgbọ́n wọn kò lè bọ́ àwọn atẹ̀wé ilẹ̀ wa yó. Láti òkè òkun ni ọ̀pọ̀ tákàdá ìwé ti ń wá. Nígbà tí iye náírà já wálẹ̀ gidigidi láti oṣù kẹfà ọdún 2023, owó tákàdá bá dọ́là gòkè.

Báyìí ni iṣẹ́ náà ti rí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, ilé ìtẹ̀wé ìjọ ni ó ru ẹrù náà. Ilé ìtẹ̀wé C.M.S. náà ni ó tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ jáde ní ọdún 1938. Bí ẹnì kan tí ó lówó lọ́wọ́ kò bá gbà láti ru ewu ìwé kan, ìwé náà kò ní í rí ojú ọjọ́.

Ẹ wá wo ohun tí èyí jẹ́ fún olùkọ́ àgbà kan ní Ṣakí tàbí ní Ìgbòho, tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó sì ti fi ọdún púpọ̀ kó ìtàn ìlú rẹ̀, oríkì àwọn ìdílé, àti orúkọ àwọn òkè àti odò jọ sínú ìwé àfọwọ́kọ. Òǹtẹ̀wéjáde ní Ìbàdàn yóò bi í léèrè pé, “Ènìyàn mélòó ni yóò rà á?” Bí ìdáhùn bá jẹ́ 300, òǹtẹ̀wéjáde yóò mi orí, ẹ̀bi rẹ̀ kò sì pọ̀, nítorí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ni ó ń bọ́ ilé rẹ̀. Ìwé olùkọ́ náà yóò wà nínú àpótí. Nígbà tí ó bá kú, àwọn ọmọ lè fi í dáná láìmọ̀. Ohun tí ó wà nínú ewu nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, ẹ̀yin ará. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan.

2. Ohun tí ìwé orí ẹ̀rọ jẹ́

Ọjọ́ orí irú ìwé yìí ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Ní ọdún 1971, ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, Michael Hart tẹ ìwé ìkéde òmìnira orílẹ̀-èdè rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó sì jẹ́ kí àwọn mìíràn kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Bí Project Gutenberg ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n oṣù kọkànlá ọdún 2007 ni iṣẹ́ náà di òwò ńlá, nígbà tí iléeṣẹ́ Amazon gbé ẹ̀rọ ìkàwé Kindle jáde. Lẹ́yìn náà ni fóònù alágbèéká di ibi ìkàwé fún ẹni tí kò ní Kindle, títí kan ọ̀pọ̀ nínú wa tí à ń ka Bíbélì lórí fóònù ní ilé ìsìn.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti lóye. A ń kó ọ̀rọ̀ ìwé pamọ́ bí àwọn nọ́ńbà tí ẹ̀rọ lè kà. Ojú-ewé irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í dúró gbọin bí ti tákàdá. Ó ń fẹ̀, ó sì ń súnkì gẹ́gẹ́ bí ojú ẹ̀rọ ti tóbi sí, tó bẹ́ẹ̀ tí àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì lè sọ lẹ́tà di ńlá. Ìyàtọ̀ tí ó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni èyí: ẹ̀dà àkọ́kọ́ nìkan ni ó gba ìnáwó gidi. Ẹ̀dà kejì, àti èyí tí ó jẹ́ ẹgbẹ̀rún, fẹ́rẹ̀ẹ́ má gba kọ́bọ̀. Kò sí tákàdá, kò sí ọkọ̀, kò sì sí yàrá ìpamọ́. Ìwé olùkọ́ wa tí ènìyàn 300 péré yóò rà kò wá jẹ́ òfò mọ́.

3. Ilẹ̀kùn tí ó ṣí fún òǹkọ̀wé

Láti ọdún 2007 ni Amazon ti ń gba òǹkọ̀wé láyè láti gbé ìwé rẹ̀ síta fúnra rẹ̀, láìgba ọ̀dọ̀ òǹtẹ̀wéjáde kankan. Ní ọdún 2010 ó kéde pé, fún ìwé tí owó rẹ̀ wà láàárín dọ́là 2.99 àti 9.99, ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ó dárúkọ, òǹkọ̀wé lè gba 70 nínú 100. Èyí tí kò bá wọ inú ètò yìí, 35 nínú 100 ni. Ẹni tí ó ti ń gba 10 rí yóò mọ bí ìròyìn yìí ti dùn tó.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa náà kò sùn. Ní ọdún 2013 ni Okechukwu Ofili dá OkadaBooks sílẹ̀, níbi tí a ti ń fi náírà ra ìwé sórí fóònù. Orúkọ náà bá iṣẹ́ mu, nítorí ọ̀kadà ni ó ń gba àárín sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kọjá nígbà tí mọ́tò bá dúró. Selar, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016, jẹ́ ọjà mìíràn níbi tí òǹkọ̀wé ti lè ta ìwé orí ẹ̀rọ fún ẹni tí ó bá fẹ́. Àwọn òǹtẹ̀wéjáde pàápàá dán an wò: Cassava Republic dá Ankara Press sílẹ̀ ní ọdún 2014 fún ìtàn ìfẹ́ lórí ẹ̀rọ, nígbà tí ó sì pín àkójọ ìtàn kan lọ́fẹ̀ẹ́ ní oṣù kejì ọdún 2015, a túmọ̀ àwọn ìtàn inú rẹ̀ sí èdè ilẹ̀ Áfíríkà, Yorùbá sì wà nínú wọn.

Ẹ lè fi í wé ọjà tiwa. Obìnrin tí ó ṣe òrí tàbí ẹ̀lùbọ́ ní abúlé kì í mọ ẹni tí yóò jẹ ẹ́ ní Ìbàdàn. Alárọ́bọ̀ ni ó ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni ó ń san owó ọkọ̀, òun náà ni ó sì ń jèrè tí ó pọ̀ jù. Ìwé orí ẹ̀rọ dàbí ọ̀nà tuntun tí ó mú obìnrin náà dé ojú ọjà fúnra rẹ̀. Ìlọsíwájú ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a béèrè pé: ta ni ó ni ọjà?

4. Ẹni tí ó ni ọjà

Ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé kò rántí béèrè. Ìwé tákàdá tí a bá ti rà, tiwa ni. A lè yá aládùúgbò, a sì lè fi jogún fún ọmọ. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ọjà ìwé orí ẹ̀rọ, àṣẹ láti kà ni a ń rà, kì í ṣe ìwé gan-an. Ní oṣù keje ọdún 2009, Amazon nawọ́ láti ọ̀nà jíjìn, ó sì pa ìwé George Orwell méjì rẹ́ kúrò nínú ẹ̀rọ àwọn tí ó ti rà wọ́n, nítorí pé ẹni tí ó gbé wọn sórí ọjà kò ní ẹ̀tọ́ sí wọn. Ó dá owó padà, olórí iléeṣẹ́ náà sì tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n gbogbo ayé rí i pé ẹni tí ó ta ìwé ṣì di kọ́kọ́rọ́ àpótí mú. Ní ọdún 2019 Microsoft ti ìsọ̀ ìwé rẹ̀ pa. Òun náà dá owó padà, àwọn ìwé tí a ti rà sì di èyí tí kò ṣeé ṣí mọ́. Ní ọgbọ̀nọjọ́ oṣù kọkànlá ọdún 2023, OkadaBooks náà parí iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Òǹkọ̀wé tí kò ní ibòmíràn tí ó kó ìwé rẹ̀ sí ní láti tún wá àtẹ mìíràn.

Ewu kejì ni ti àdàkọ. Ohun tí ó mú ẹ̀dà rọrùn fún olówó rẹ̀ ni ó mú un rọrùn fún olè. Ìwé tí òǹkọ̀wé fi ọdún mẹ́ta kọ lè lọ yí ká gbogbo ẹgbẹ́ WhatsApp ní alẹ́ ọjọ́ kan, àwọn ènìyàn rere a sì máa fi ránṣẹ́ sí ara wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Òfin ilẹ̀ wa kò fọwọ́ sí i. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti ọdún 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó sì fún un ní ọ̀nà láti kọ̀wé sí àwọn tí ó ni ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n mú ìwé tí a jí kúrò. Ṣùgbọ́n òfin kò lè wọ inú gbogbo fóònù. Ẹ̀rí-ọkàn nìkan ni ó lè dé ibẹ̀.

Ewu kẹta ni pé nígbà tí gbogbo ènìyàn bá lè tẹ ìwé, ìwé á pọ̀ ju ojú tí yóò kà á lọ. Ìwé tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò, tí àṣìṣe kún inú rẹ̀, a jókòó ti èyí tí a fi òógùn kọ, òǹkàwé kò sì mọ èyí tí yóò mú.

5. Ohun tí ó kù fún òǹtẹ̀wéjáde láti ṣe

Níbi yìí ni a ti rí i pé àwọn tí ń sọ pé òǹtẹ̀wéjáde ti di ẹni àná ń yára jù. Ní ọdún 2011 Amazon kéde pé, fún ìwé tákàdá 100 tí òun ń tà ní Amẹ́ríkà, òun ń ta ìwé Kindle 105, ọ̀pọ̀ sì rò pé òpin tákàdá ti dé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Títí di òní, ìwé tákàdá ni ó ń mú owó tí ó pọ̀ jù wọlé fún àwọn òǹtẹ̀wéjáde ńlá ní Amẹ́ríkà àti ní Ìlú Ọba.

Ìjà tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín wọn jẹ́ ti iye owó. Amazon ń ta ìwé tuntun ní dọ́là 9.99, ẹ̀rù sì ba àwọn òǹtẹ̀wéjáde pé òǹkàwé yóò gbàgbé ohun tí ìwé tọ́ sí. Ní ọdún 2010 márùn-ún nínú wọn bá Apple dá májẹ̀mú pé àwọn ni yóò máa dá iye owó ìwé orí ẹ̀rọ. Ìjọba Amẹ́ríkà pè wọ́n lẹ́jọ́ ní ọdún 2012; àwọn òǹtẹ̀wéjáde gbà láti parí ẹjọ́, ilé-ẹjọ́ sì dá Apple lẹ́bi ní ọdún 2013. Ẹ kíyè sí i pé nínú gbogbo ìjà yìí, ẹni tí ó ni ojú ọjà ni olúkúlùkù ń bá wí, kì í ṣe òǹkọ̀wé.

Nítòsí wa, ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ni a fi kọ́kọ́ mọ agbára ìwé orí ẹ̀rọ. Ní ọdún 2013, nígbà tí Rauf Aregbesola jẹ́ gómìnà, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tí a kó ìwé àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sínú rẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà. Ìpinnu wọn ni láti pín 150,000. Fún òǹtẹ̀wéjáde, irú ètò báyìí túmọ̀ sí pé olùrà kan ṣoṣo, èyí tí í ṣe ìjọba, lè gba ipò ẹgbẹẹgbẹ̀rún òbí tí ń ra ìwé ní ìsọ̀. Bí ìjọba bá rà, oúnjẹ dé. Bí ìjọba bá yí ọkàn padà, ebi dé.

Nítorí náà iṣẹ́ òǹtẹ̀wéjáde kò tán, ó yí padà ni. Kì í ṣe ẹni tí ó ni ẹ̀rọ àti yàrá ìpamọ́ mọ́ ni a ń wá, bí kò ṣe ẹni tí ó mọ ìwé rere yàtọ̀ sí búburú, tí ó lè tún un ṣe, tí ó lè mú kí ayé gbọ́ nípa rẹ̀, tí ó sì lè bá òǹkọ̀wé ṣọ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bẹ́ẹ̀ ni òǹkọ̀wé àti òǹtẹ̀wéjáde rí sí ara wọn.

6. Ọ̀rọ̀ nípa lẹ́tà wa

Ohun kan wà tí àwọn ará Òyìnbó kì í ronú lé lórí, ṣùgbọ́n tí ó kàn wá gidigidi. Àwọn àgbà ìjọ pàdé ní Èkó ní ọdún 1875 láti fẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ Yorùbá sílẹ̀, ìjọba sì tún fọwọ́ sí ìlànà tuntun ní ọdún 1974. Ẹ̀rọ kò sí níbẹ̀ ní ìgbà méjèèjì. Nínú ètò nọ́ńbà tí à ń pè ní Unicode, tí kọ̀ǹpútà gbogbo ayé ń lò, lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀; ṣùgbọ́n bí a bá tún fi àmì ohùn lé e lórí, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún un; a ní láti to nọ́ńbà pọ̀. Bí ìrísí lẹ́tà tí a lò kò bá dára, àmì a fò kúrò ní ipò rẹ̀, tàbí kí àpótí kékeré òfìfo jókòó síbi tí ọ̀rọ̀ yẹ kí ó wà. Nítorí ìyọnu yìí àwọn kan ń yọ gbogbo àmì kúrò. Báwo wá ni a ó ti mọ ọkọ, ọkọ́, àti ọkọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn? Iṣẹ́ tí Àjàyí ará Òṣoògùn fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe kò gbọdọ̀ bàjẹ́ nítorí ọ̀lẹ ìka wa. Òǹkọ̀wé Yorùbá gbọdọ̀ ṣí ìwé rẹ̀ lórí oríṣiríṣi fóònù kí ó tó gbé e sọ́jà.

7. Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Fún òǹkọ̀wé, ìmọ̀ràn wa kò pọ̀. Ka ìwé àdéhùn kí o tó fọwọ́ sí i, kí o sì wò ó bóyá ẹ̀tọ́ ìwé tákàdá nìkan ni o ń fi lé òǹtẹ̀wéjáde lọ́wọ́, tàbí ti orí ẹ̀rọ pẹ̀lú, àti fún ọdún mélòó. Má ṣe kó gbogbo ìwé rẹ sí ọjà kan ṣoṣo, kí o sì máa tọ́jú ojúlówó ẹ̀dà lọ́wọ́ ara rẹ. Gba nọ́ńbà ISBN lọ́dọ̀ Ilé-Ìkàwé Ìjọba Àpapọ̀. Ti orí ẹ̀rọ yàtọ̀ sí ti tákàdá. San owó fún ẹni tí yóò tún ọ̀rọ̀ rẹ ṣe. Bí agbára bá sì wà, tẹ ẹ̀dà díẹ̀ sórí tákàdá, nítorí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé òde òní lè tẹ 20 tàbí 50 láìsí àwo ìtẹ̀wé ńlá. Iná mànàmáná a máa lọ, bátìrì a máa kú, ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì a sì máa tì. Tákàdá tí ó wà nínú ilé-ìkàwé Pólítẹ́kíníìkì Òkè-Ògùn ní Ṣakí kò bìkítà fún ọ̀kankan nínú wọn.

Fún òǹtẹ̀wéjáde, kí ó má ṣe bẹ̀rù ìwé tí òǹkàwé rẹ̀ kéré. Ó lè gbé e jáde lórí ẹ̀rọ lákọ̀ọ́kọ́, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí tákàdá bí àwọn tí ń béèrè rẹ̀ bá pọ̀.

Fún àwa òǹkàwé, iṣẹ́ wa ni ó rọrùn jù, òun ni a sì ń kọ̀ láti ṣe jù. Ẹ jẹ́ kí a san owó ìwé. Ahunṣọ ní Ìṣẹ́yìn kì í fi aṣọ òfì rẹ̀ tọrẹ fún gbogbo ẹni tí ó bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sí ẹni tí yóò retí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí a ń fojú rí òwú, a sì ń fojú rí òógùn rẹ̀. Òógùn òǹkọ̀wé kò hàn lójú fóònù, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará, a mọ àwọn àgbà kan láàárín wa tí ìtàn ìlú wọn wà nínú ìwé àjákọ, tí ọwọ́ wọn sì ti ń gbọ̀n. Ìdí tí a fi sọ pé a kò lè tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀ ni owó. Ìdí náà ti dínkù. Kí àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ kọ̀ǹpútà lò lọ jókòó tì wọ́n, kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ wọn pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kí wọ́n kà á padà sí wọn létí, kí wọ́n sì gbé e jáde ní orúkọ wọn nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè láti rí i.